Ìlàjà ni, àbí ìjókòó ẹni mẹ́rin? Bí tọkọtaya Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe lè yan ọ̀nà ìpínyà

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé àbúrò mi obìnrin lọ sí ìpàdé ẹbí ní àdúgbò Ìjerù. Ọ̀rọ̀ tó gbé lọ síbẹ̀ kò ju méjì lọ: ta ni yóò máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta, ibo sì ni àwọn ọmọ yóò máa sùn. Ó ti pinnu pé òun kò ní padà sílé ọkọ. Ọkọ náà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. A jókòó láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a jẹ iyán, wọ́n gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá kan nínú àwọn àgbà ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó bẹ ọkọ rẹ̀, kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀ wálé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó ilé-ìwé.

N kò bú àwọn àgbà yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Bí Yorùbá bá ní ká wá lajà, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ìjà parí, kí kálukú padà sí àyè rẹ̀. Ìlàjà tí àwọn lọ́yà ń pè ní mediation kò bìkítà bóyá ẹ padà tàbí ẹ ò padà. Ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ ọmọ, ilé àti owó láì fa ara wọn lọ síwájú adájọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aláṣọ, bí àbúrò mi ti ṣe lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè ọ̀nà tó dára jù. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀: ìpàdé ẹbí tàbí ti olórí ẹ̀sìn, olùlàjà tó kọ́ṣẹ́ ìlàjà, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní collaborative law (èmi ń pè é ní ìjókòó ẹni mẹ́rin: ọkọ, aya, àti lọ́yà ẹnì kọ̀ọ̀kan), àti kóòtù gan-an. Ọ̀nà kejì àti ìkẹta ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, àwọn náà ni n óò sì pẹ́ lé lórí jù.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó yan èyíkéyìí

Àkọ́kọ́ ni irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Bí ẹ bá lọ fọwọ́ síwèé ní rèjísítìrì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin, tí ìwé ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ yín, Kóòtù Gíga nìkan ló lè tú u. Òfin ọdún 1970, Matrimonial Causes Act, ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdána nìkan lẹ ṣe, tí wọ́n gba owó orí, tàbí tí àfáà so yìgì, kóòtù ìbílẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe méjèèjì: ìdána ní Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì tàbí lọ́jọ́ kan náà. Ìwé ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló máa gbé yín dé Kóòtù Gíga.

Kí ẹ di èyí mú dáadáa: kò sí àdéhùn tí ẹ jọ ṣe nílé, lọ́dọ̀ olùlàjà, tàbí níwájú lọ́yà mẹ́rin, tó lè tú ìgbéyàwó olófin fúnra rẹ̀. Àdéhùn máa ń yanjú ohun tó wà nínú ìgbéyàwó ni. Adájọ́ ló máa tú ìgbéyàwó. Mo mọ ọkùnrin kan tó gba ìwé tí ẹbí kọ pé àwọn ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, ó sì lọ ṣe òmíràn ní rèjísítìrì. Òfin pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló sì so mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó, kì í sì í ṣe owó ìjókòó àkọ́kọ́ nìkan: èló ló máa jẹ bí gbogbo rẹ̀ bá fọ́ lójú ọ̀nà? Ẹ wo bóyá ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí yóò lẹ́sẹ̀ níwájú adájọ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá yẹhùn. Ẹ wo àṣírí, torí ìlú wa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ní Tákíé lówùúrọ̀ lè ti dé Sábó kó tó di ọ̀sán.

Èyí tó kù ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà ni àwọn èèyàn kì í wò: ṣé o lè la ẹnu rẹ níwájú ọkọ tàbí aya rẹ, kí o sọ pé rárá, láì bẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, máa fo ọ̀rọ̀ yìí lọ sí apá kóòtù.

Ẹbí, pásítọ̀, àfáà

N kò ní pẹ́ níbí. Kò wọ́n: obì, oúnjẹ, owó ọkọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n mọ ìtàn yín láti ìgbà ìdána, wọ́n lè dójú ti ẹni tó ń purọ́. Kùránì náà là á sílẹ̀ nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ 35, pé bí ìjà bá wà láàárín tọkọtaya, kí wọ́n yan onídàájọ́ kan láti inú ẹbí ọkọ àti ọ̀kan láti inú ẹbí aya. Ìlànà tó dára ni, torí ẹsẹ̀ méjèèjì ló dọ́gba. Nílé tiwa, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo àgbà tó wà níjókòó máa ń ti wá, ìlà ọkọ.

Ìyípadà kan lè mú un wúlò. Kí ẹ tó jókòó, kí ẹnìkan sọ ọ́ síta pé: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, a dúpẹ́, àmọ́ a kò wá fún ìpadàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ la wá sọ." Bí wọ́n bá gbà, ẹ tẹ̀síwájú. Bí wọn kò bá gbà, ẹ jẹun kí ẹ máa lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì pín sí méjì nípa ìgbéyàwó náà ni mo máa ń rán síbẹ̀.

Olùlàjà

Ẹnìkan ṣoṣo ló wà láàárín yín, kò sì sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò ní dájọ́. Kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí òun bá jẹ́ lọ́yà pàápàá, kò gbọ́dọ̀ gba ìwọ nìkan nímọ̀ràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to ọ̀rọ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ, ilé, owó, gbèsè. Bí inú bá gbóná, ó lè fi ọ̀kan sí yàrá kan, kó fi èkejì sí òmíràn, kí òun máa lọ bọ̀ láàárín wọn. Ohun tí ẹ sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa kú sí: bí ẹ bá padà dé kóòtù, ẹ kò lè sọ pé "ó gbà lọ́jọ́ yẹn lọ́dọ̀ olùlàjà."

Níbo ni a ti ń rí wọn? Ní ìlú Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Multi-Door Courthouse sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2002, ibi tí èèyàn lè gbé ẹjọ́ wọ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí yàrá ìlàjà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀, ní Ìbàdàn. Àwọn lọ́yà kan wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ ìlàjà. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ má tìjú. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, náà máa ń pe ọkọ àti aya jókòó, iṣẹ́ wọn fún obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá máa lọ Ìbàdàn, kí ó ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí i ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa la sì mọ ìyà tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi jẹ wá.

Owó rẹ̀ rọrùn láti lóye: ẹnìkan lẹ ń san owó fún, ẹ sì lè pín in sí méjì. Ìjókòó mẹ́rin ni ti àbúrò mi gbà, nígbà tó gba ọ̀dọ̀ olùlàjà lọ lẹ́yìn ìpàdé Ìjerù. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi jà lórí fíríìjì. Fíríìjì! Obìnrin tó ń lajà kò dá wọn lẹ́kun. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, ó bi wọ́n léèrè pé, "Ta ni àkọ́bí yín máa ń sá tọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá?" Wọ́n dákẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó rèé. Olùlàjà kò lágbára láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni kó ohun tó ní sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ra kajú lásìkò rẹ̀. Láti oṣù Èrèlé títí dé Èbìbí, ó ń ti oko dé oko ní Ìlú-Ajù àti Orírè, ó ń kó owó wálé. Owó yẹn wà lára owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀, tí wọ́n fi mọ ilé onírúùmù mẹ́rin. Rìsíìtì ilẹ̀ àti rìsíìtì sìmẹ́ńtì, orúkọ ọkọ ló wà lára gbogbo wọn. Bí ọkọ bá jókòó níwájú olùlàjà tó ní ilé òun ni, kí ni obìnrin yìí máa fi hàn? Olùlàjà kò lè sọ fún un pé, "Lọ wá ìwé alájẹṣẹ́kù rẹ, kí o pe ẹni tó gbé owó lọ fún bírìkìlà." Ìmọ̀ràn ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn. Ní kóòtù náà, ẹni tó bá fẹ́ ìpín nínú ilé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé rẹ̀ ní láti fi ohun tó dá síbẹ̀ hàn. Nítorí náà, bí ẹ bá yan olùlàjà, kí kálukú ní lọ́yà tirẹ̀ lẹ́yìn tó máa ka àdéhùn náà wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Owó ìkàwé díẹ̀ nìyẹn. Kò tó owó ẹjọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ gbé e lọ síwájú adájọ́ kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́. Láì ṣe èyí, ìwé àdéhùn lásán ni. Ẹni tó bá dà á, ẹjọ́ tuntun lẹ máa pè. Adájọ́ náà kò sì ní kàn fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ọmọ nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì gbà. Òfin ní ire ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Ìjókòó ẹni mẹ́rin

Lọ́yà kan ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, Stuart Webb, ló bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọdún 1990. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ló ń ṣe, ìjà inú kóòtù sì ti sú u. Ó wá sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, òun yóò máa ṣojú fún èèyàn láti bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣàdéhùn nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, òun yóò yọwọ́, kí wọ́n wá lọ́yà mìíràn. Ohun tó mú ọ̀nà yìí yàtọ̀ nìyẹn, kò sì kọjá ìyẹn. Ìpínlẹ̀ Texas ló kọ́kọ́ fi í sínú òfin ní 2001.

Bí ó ṣe ń lọ rèé: ọkọ ní lọ́yà tirẹ̀, aya ní tirẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fọwọ́ sí ìwé kan. Nínú ìwé náà, tọkọtaya ṣèlérí láti kó gbogbo ohun ìní wọn síta láì fi ọ̀kan pamọ́. Àwọn lọ́yà náà ṣèlérí pé bí àdéhùn bá fọ́, àwọn kò ní tẹ̀lé wọn wọ kóòtù. Wọ́n á wá máa jókòó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí owó bá díjú, wọ́n lè jọ gba oníṣirò owó kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá ń jìyà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lè jọ gba ẹni tó mọ̀ nípa ọmọ.

Wo obìnrin olówò kajú wa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbí, lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í. Òun ló máa sọ fún un kí ó lọ wá ìwé alájẹṣẹ́kù. Bí ẹnu rẹ̀ bá wúwo, lọ́yà á bá a sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé lọ́yà tó mọ̀ pé òun yóò pàdánù iṣẹ́ bí ìjà bá le, kò ní máa fẹ́ná sí i. Ẹ̀yin náà mọ irú lọ́yà kejì yẹn, èyí tó máa ń sọ pé "ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, màá fi ojú rẹ̀ rí nǹkan."

Owó ńkọ́? Ó ju ti olùlàjà lọ dáadáa, torí lọ́yà méjì lẹ ń san fún ní gbogbo ìjókòó, oníṣirò owó náà kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì fọ́, gbogbo owó yẹn ti lọ. Ẹ óò wá lọ́yà tuntun, ẹ óò tún ìtàn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lówó ju ẹnìkejì rẹ̀ lè fi èyí halẹ̀: ó lè fà á títí owó ẹnìkejì yóò fi tán, kó wá dìde nídìí tábìlì.

Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó dá sílẹ̀ fún ọ̀nà yìí bí ti Texas. Àdéhùn tí ẹ̀yin mẹ́rin bá kọ ló máa dì yín mú. Àwọn lọ́yà tó máa gbà láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyìíká wa, àwọn kan á ní ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Bí ẹ bá rí méjì tó gbà, ẹ rí i dájú pé gbólóhùn tó ní kí wọ́n yọwọ́ wà nínú ìwé náà. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, ẹ kàn ń bá lọ́yà méjì sọ̀rọ̀ lásán ni.

Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀, ẹ sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ìlú Ọba, àwọn lọ́yà tó kọ́ ọ̀nà ẹni mẹ́rin yìí kò ṣòro láti rí. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti yọ ẹ̀sùn kúrò nínú ìkọ̀sílẹ̀ ní England àti Wales. Èèyàn kàn máa sọ pé ìgbéyàwó ti dàrú ni, kò nílò láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá wà, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2021 láti fi owó tó tó £500 ran àwọn òbí lọ́wọ́ fún ìlàjà; ẹ bèèrè bóyá ó ṣì wà. Bí ẹnìkan bá wà ní Peckham tí ẹnìkejì sì wà ní Àróje, ẹ bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà ní ìlú méjèèjì ibi tí ẹjọ́ yẹ kó ti wáyé kí ẹ tó náwó kankan.

Kóòtù

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò wá ọ̀rẹ́. Ẹni tí wọ́n ń lù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti sá lọ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ta ilẹ̀ lábẹ́lẹ̀: kóòtù ni ibi tiyín, torí adájọ́ nìkan ló lè sọ pé "dúró" kí ó sì dúró. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi tìpá gbé obìnrin tí wọ́n ń lù lọ síwájú olùlàjà, pásítọ̀ ni ó sọ ọ́ o, àfáà ni o.

Ní Kóòtù Gíga, ìdí kan ṣoṣo ni òfin mọ̀: pé ìgbéyàwó ti dàrú kọjá àtúnṣe. Ẹ̀rí mẹ́jọ ni wọ́n lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. Èyí tó bá ẹni tó ti ṣàdéhùn mu jù ni pé ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò sì takò ó. Bí ó bá takò ó, ọdún mẹ́ta ni. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó pẹjọ́. Adájọ́ náà ní láti kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ṣì lè padà. Ó lè sún ẹjọ́ síwájú nítorí èyí, kó sì yan ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta ni ẹ máa dúró kí ìgbéyàwó tó tú pátápátá. Ẹ má gbéyàwó láàárín oṣù mẹ́ta náà.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó bá ti fohùn ṣọ̀kan: ẹ má jọ hùmọ̀ irọ́ fún adájọ́. Mo ti gbọ́ tọkọtaya tó ní, "Jẹ́ ká kàn sọ pé o ṣe àgbèrè, kó lè yá." Bí kóòtù bá rí i pé ẹ dìtẹ̀ láti tan òun jẹ, kò ní tú ìgbéyàwó náà. Kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí owó àti ọmọ kì í ṣe ìdìtẹ̀.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá lè sọ̀rọ̀, tí ohun ìní kò pọ̀, tí ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù jẹ́ ọmọ, olùlàjà ni. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa, òun ló bá mu: olùkọ́, òṣìṣẹ́ LAUTECH, ìyá tó ń tajà ní Wàsò.

Bí ilé bá ju ọ̀kan lọ, tí òwò bá wà, tí ọ̀kan nínú yín mọ owó ju èkejì lọ àmọ́ tí kò sí ìlùkúlù tàbí ìhàlẹ̀, ẹ wá ìjókòó ẹni mẹ́rin, kí ẹ sì ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí lọ́yà tó gbà á, kí ó gba olùlàjà, kí kálukú mú lọ́yà wá sí ìjókòó tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ owó. Kò pé bí ti Webb, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn, kò sì wọ́n tó o.

Bí ẹ bá ṣe ìdána nìkan, tí kò sí ìjà púpọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ yá, kò sì wọ́n. Àmọ́ ẹ kọ àdéhùn ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó orí ni wọ́n máa fi ọ̀pọ̀ àkókò sọ, owó tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti dá padà lọ́jọ́ ìdána gan-an.

Ohun tí ẹ máa mú lọ sí ìjókòó àkọ́kọ́, èyíkéyìí tí ẹ bá yàn: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, rìsíìtì ilẹ̀ àti ti ilé, ìwé bánkì ọdún kan, ìwé alájẹṣẹ́kù, àti bébà kan tí ẹ kọ owó ilé-ìwé sí, ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àbúrò mi mú bébà yẹn lọ. Òun ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ní báyìí, ọkọ rẹ̀ ń san owó ilé-ìwé ọmọ méjì, òun ń san ti ẹ̀kẹta. Sátidé kejì-kejì, aago mẹ́wàá, bàbá wọn á wá gbé wọn níwájú ilé wa, ó máa ń tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á sì sá jáde. Fíríìjì náà ṣì wà lọ́dọ̀ ọkọ. Mo gbọ́ pé ó ti bàjẹ́.